Àpò Òkúta Kan Ni Mo Tà, Òkìtì Obìnrin Méjìlá Ló Bá A Lọ

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán tí àánú mi ṣe yín, a jẹ́ pé mi ò sọ ọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí mo fẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe yín ni Hilaria. Ẹ máa tó mọ̀ ọ́n.

Orúkọ mi ni Fortunata Cayo, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ẹ̀gbẹ́ òkè fàdákà Potosí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fọ́ òkúta láti ìgbà tí ihò kùsà ti gbé ọkọ mi mì. Ìwé kejì ni mo kà dé ní ilé ẹ̀kọ́. Èyí tí mo mọ̀ lónìí, ara ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì ni mo ti fi ara mi kọ́ ọ. Nínú àwa obìnrin méjìlá tí a jọ ń ṣiṣẹ́, èmi nìkan ló lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Àwọn yòókù, àtàǹpàkò ni wọ́n ń tẹ̀. Mo sì máa ń fi yangàn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Òkìtì ńlá kan la jọ ń jẹ lára rẹ̀. Pàǹtí làwọn ọkùnrin ń pè é. Òkúta tí àwọn baba wọn gbé jáde nínú ihò láyé àtijọ́, tí wọ́n wò títí tí wọ́n ní fàdákà inú rẹ̀ ò tó owó tí wọ́n máa fi gbé e sọ̀kalẹ̀, òun ni wọ́n dà síbẹ̀. Lórí ìwé, ẹgbẹ́ àwọn awakùsà ló ni gbogbo apá òkè yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í bá opó du pàǹtí. Bó ṣe wà nìyẹn kí wọ́n tó bí mi. Òòlù kan, awọ àgùntàn tí à ń tẹ́ jókòó, ewé koka lẹ́rẹ̀kẹ́ kí agara má baà dá wa, ọ́fíìsì wa nìyẹn.

Àṣírí kan wà tí àwa méjìlá nìkan mọ̀. Ní apá ìlà oòrùn òkìtì náà, tí o bá walẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ méjì, òkúta dúdú kan wà níbẹ̀ tó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Fàdákà ló kún inú rẹ̀.

Òfin Màmá Basilia Porco sì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á ní òun nìkan. Màmá Basilia ló dàgbà jù nínú wa, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Garawa dúdú kan, garawa pàǹtí mẹ́fà: bí a ṣe ń pò ó pọ̀ nìyẹn ká tó gbé e lọ fún ẹni tó ń rà á. Àdàlù là ń pè é. Ẹni tó ń rà á á lọ̀ ọ́, á yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà á sì jáde. Nọ́ńbà yẹn ni iye fàdákà tó wà níbẹ̀. Bó bá ṣe ga tó ni owó ṣe máa pọ̀ tó. Tiwa kì í ju mẹ́jọ lọ. Bó bá fi lè di mẹ́wàá, Màmá Basilia ò ní sùn.

Ó máa ń sọ pé, "Tí wọ́n bá rí mẹ́jọ, wọ́n á ní opó ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan jẹ. Tí wọ́n bá rí ogójì, wọn ò ní rántí pé opó ni wá mọ́."

Mo máa ń dá a lóhùn. Ẹnu mi ò ní ìjánu. "Màmá, fàdákà lẹ ń tà lówó òkúta yìí o."

"Mò ń tà á lójoojúmọ́, Fortu. Ìwọ lo fẹ́ tà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Nígbà tí òun ṣì jẹ́ omidan, ó ní, owó fàdákà gòkè lọ́dún kan bí ẹni tí ejò ń lé. Àwọn ọkùnrin gba òkìtì tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n kó o tán pátá. Nígbà tí owó já bọ́, wọ́n dá a padà fún wọn.

"Kí ni wọ́n dá padà?" Ọmọdé kan tó wà láàárín wa nígbà yẹn ló bi í.

"Ihò," Màmá Basilia fèsì. "Ihò tó jinlẹ̀ dáadáa."

Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn tó ogún ìgbà. Mo rò pé ìtàn àgbà ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí dà mí lórí rú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù àti ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ìjọba máa ń kéde iye tí wọ́n máa ra fàdákà. Ó gòkè. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ó tún gòkè. Ìgbà mẹ́rin tẹ̀ léra ni mo gbọ́ ọ, tí mo sì máa ń sáré lọ sọ fún wọn lórí òkìtì. Nọ́ńbà mẹ́jọ tiwa ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé e bí ajá arọ. Èrè tó kàn wá ò ju kí á fi ẹran díẹ̀ sínú ọbẹ̀ àgbàdo lọ.

Lọ́jọ́ kan èmi ni wọ́n rán lọ gba owó àdàlù lọ́wọ́ Don Remberto, ẹni tó ń ra òkúta lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, gbogbo ìgbà ló ń nu awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Doña Fortunata, ọdún tó dáa lẹ wà yìí, òkúta tí kò dáa lẹ sì ń gbé wá."

"Èyí tí Ọlọ́run fún wa náà nìyẹn, Don Remberto. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi. Tí fàdákà bá wọ́n báyìí, kí ló dé tí wọn ò kúkú wà á sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fàdákà kì í ṣe ọ̀dùnkún tí wọ́n ń gbìn. Kì í sì í dá rìn. Inú síńkì àti òjé ló ń gbé, àwọn yẹn ò sì lówó lórí báyìí. Ta ló máa torí fàdákà nìkan la ihò tuntun? Ihò tuntun á jẹ ọdún mẹ́wàá kó tó bímọ. Pàǹtí tó wà nílẹ̀ ló yá jù. Ó ti jáde, wọ́n ti fọ́ ọ, ó kù kí wọ́n gbé e." Ó gbé awò padà sójú. "Tí ẹ bá fi lè bá mi rí òkúta tó kọjá ogún, owó tí màá san fún yín, á ya ẹ̀yin náà lẹ́nu."

Mo ní mi ò mọ irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó jókòó, kò dìde mọ́. Ẹ̀yin náà á rò pé ebi ló ń pa mí. Ebi ò pa mí ju bó ṣe ń pa wá tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ojúta, mo fẹ́ sọ fún wọn pé àìsàn ni, pé gbèsè ni. Irọ́ ni. Fìlà ni.

Fìlà kan wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀bá ọjà àárín ìlú, èyí tí wọ́n fi irun ehoro ṣe, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ṣokoléètì. Obìnrin tó bá dé irú rẹ̀ níbi àjọ̀dún, wọ́n á yẹ̀ fún un lọ́nà kó kọjá. Tèmi tí mò ń dé, òjò ti lu ú, eruku òkè ti jẹ etí rẹ̀. Mo máa ń dúró síwájú gíláàsì yẹn, mo máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí òjìji mi lè dé e.

Àti pé, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú ju fìlà lọ: ó ń dùn mí pé èmi tí mo mọ̀wé, tí mo ń gbọ́ rédíò, tí mo mọ nọ́ńbà, ìyá arúgbó tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ló ń pàṣẹ fún mi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kó o. Òkúta dúdú méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́, lábẹ́ yẹ̀rì onípele tí mo wọ̀. Wíwúwo rẹ̀ ń gbá mi nítan bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó kún àpò ọ̀dùnkún kan, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì kékeré, mo lọ.

Don Remberto lọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo dé, ó ti nu awò ojú rẹ̀ tán, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń fi ojú lásán wò mí.

"Méjìdínlógójì," ó ní.

Inú mi ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí fàdákà náà.

Ó ka owó lé mi lọ́wọ́ láìjiyàn. Ó wá ti ìwé kan sí iwájú mi. "Ti ìjọba ni. Orúkọ ẹni tó tà á àti ibi tí òkúta ti wá. Tí ẹ bá fẹ́, màá bá yín kọ ọ́, ẹ kàn tẹ àtàǹpàkò."

Ẹ wò ó, mo lè ní kó kọ ohun tó bá wù ú. Mo lè dárúkọ ibòmíràn, òkè náà tóbi, kò sẹ́ni tó máa lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò. Èmi. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ Fortunata Cayo gàgàrà, mo fi ìlà gígùn kan sábẹ́ rẹ̀. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé: òkìtì àwọn opó, apá ìlà oòrùn.

Ó ní, "Ọwọ́ ìkọ̀wé yín mà dára o, Doña."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́.

Mo ra fìlà náà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo délé ni mo tó rí i pé kò sí ibi tí mo lè dé e lọ. Tí wọ́n bá bi mí pé níbo ni mo ti rówó, kí ni mo fẹ́ sọ? Inú ilé ni mo ti ń dé e, mo ti ìlẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń retí àlejò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a dé òkìtì láàárọ̀, a bá katakata kan níbẹ̀ pẹ̀lú típà méjì. Àwọn géńdé ti ń ri igi tí wọ́n kùn ní pupa mọ́lẹ̀ yí apá ìlà oòrùn ká.

Don Severo, olórí ẹgbẹ́ awakùsà, dúró láàárín wọn, ó fi ọwọ́ sápò.

Màmá Basilia lọ bá a. "Severo, ṣé ọ̀nà ló ṣì yín?"

"Rárá, Màmá. Ojú ọ̀nà wa la wà. Ohun ìní ẹgbẹ́ la wá kó."

"Ohun ìní wo? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ pè é ní pàǹtí?"

"Ní mẹ́jọ, pàǹtí ni," Don Severo dáhùn. "Ní méjìdínlógójì, ohun ìní ni."

Mo rí ojú Màmá Basilia nígbà tó gbọ́ nọ́ńbà yẹn. Ó wó bí ilé alámọ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹnì kan nínú yín ló tà á, ìwé rẹ̀ sì ti dé ọwọ́ ẹgbẹ́. Tí fàdákà bá gòkè báyìí, gbogbo wa là ń wá ibi tó wà, Màmá. Ẹ̀yin lẹ fi hàn wá." Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó ń fì í lókè.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Ọ̀kan ní, "Fún Fortu. Fortu, gbà á, kà á fún wa."

Don Severo na ìwé náà sí mi. Mo gbà á. Ọwọ́ mi ni mo rí níbẹ̀, gàgàrà, pẹ̀lú ìlà gígùn lábẹ́ rẹ̀.

Mo gbójú sókè. Don Severo ń jẹ koka lẹ́nu, ó ń wò mí. Ó mọ̀.

Mo ní, "Kò sí orúkọ níbí. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n kọ."

Ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó ká a. "Ẹ ti gbọ́. Ẹni tó mọ̀wé ti kà á." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló fẹ́ sọ? Obìnrin méjìlá tí ń fura síra wọn ò lè dí katakata kan lọ́nà.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti dójú lé Hilaria Tumiri. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, òun ló dé kẹ́yìn láàárín wa, ọdún méjì péré ni ọkọ rẹ̀ kú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páànù tuntun bo ilé rẹ̀ ni. Ìyẹn tó.

"Páànù yẹn, ta ló rà á fún ọ?" Eufronia, tó jẹ́ oníwàhálà wa, ló bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ajẹntínà ló fowó ránṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n tó mọ orùlé ilé ṣùgbọ́n tí kò mọ bàtà ẹsẹ̀ ọmọ."

"Òjò ló ń wọlé sórí ọmọ náà, ìyá. Bàtà ò lè dí òjò."

"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń fèsì. Fàdákà ti sọ ọ́ di olóhùn."

Hilaria yíjú sí mi. Mo ti mọ̀ pé ó máa yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n Fortu, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ka ìwé tó bá owó yẹn wá fún mi? Ṣebí ẹ̀yin lẹ bá mi lọ gbà á?"

Òótọ́ ni. Èmi ni mo bá a lọ. Mo ka orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè fún un, ó sì ní kí n tún un kà torí ó dùn létí rẹ̀. Ìdùnnú yẹn mú un ra ẹ̀pà sísun fún mi lójú pópó.

Gbogbo wọn ń wò mí.

Mo ní, "Ìwé kan ni mo kà fún un lóòótọ́. Mi ò lè rántí ohun tó wà níbẹ̀ mọ́."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Kò sunkún. Eufronia gbé awọ àgùntàn rẹ̀, ó jù ú sójú ọ̀nà. Màmá Basilia ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká wádìí," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò lágbára mọ́ láti àárọ̀. Hilaria lọ gbé awọ rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó ká a dáadáa bí ẹni tó ń ká ìtẹ́dìí ọmọ, ó lọ.

Ẹ bi mí bí mo ṣe sùn. Mo sùn. Ohun tó ń bí mi nínú sí ara mi jù nìyẹn.

Katakata bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwa méjìlá ń fọ́ ní oṣù kan, ó ń gbé e kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Wọ́n gbà fún wa ká máa tẹ̀ lé típà, ká máa ṣa èyí tó bá já bọ́. A ń sáré lẹ́yìn ọkọ̀ bí adìẹ. Mo sì ń gbọ́ rédíò lójoojúmọ́ tí wọ́n ń sọ pé ayé ń fẹ́ fàdákà sí i, pé kò kárí, pé inú àwọn tó ní in ń dùn. Inú ta ni? Ẹnì kan jókòó sí ìlú tí mi ò mọ̀, ó sọ pé pàǹtí lónìí, ìṣúra lọ́la. Òkúta kan náà ni. Kò dàgbà, kò sanra, kò rìn kúrò níbi tí wọ́n dà á sí. Wọ́n yí owó orí rẹ̀ padà, olówó rẹ̀ náà sì yí padà. Ohun tí Màmá Basilia ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn láìmọ̀wé, tí mi ò gbọ́.

Nígbà tó di Sátidé kejì, ẹgbẹ́ awakùsà ṣe ìpàdé ní àgbàlá wọn. Àwa obìnrin lọ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún wa ní òkìtì mìíràn. A kò tíì jókòó dáadáa tí Hilaria fi wọlé, pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́.

Eufronia ní, "Kí ló ń wá?"

Hilaria ò wò ó. Èmi ló wá bá tààrà. Ojú rẹ̀ tàn. Ẹ gbọ́ mi, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ẹ̀gbọ́n Fortu, mo lọ bá Don Remberto. Àárọ̀ mẹ́rin ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní, ẹ wò mí dáadáa, ṣé mo ta nǹkan kan fún yín rí? Ó ní rárá. Mo ní kó wá fún mi ní ẹ̀rí. Nígbà tí ojú mi sú u, ó fún mi ní ẹ̀dà ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún mi. Mo ní ẹ̀yin lẹ máa kà á, kí àwọn wọ̀nyí lè gbàgbọ́."

Ó fi lé mi lọ́wọ́.

Mo la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: irọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ìwé yìí náà, nọ́ńbà ló…"

"Ẹ wò ó nísàlẹ̀," Hilaria ní, ó fi ìka tọ́ ọ. "Don Remberto ní orúkọ wà níbẹ̀. Ó ní ẹni náà ò tẹ àtàǹpàkò, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ni. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ dára gan-an, ó…"

Ó dákẹ́.

Mo ń gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe ń họ ìgbáròkó sókòtò rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn obìnrin mẹ́wàá tí ń tẹ àtàǹpàkò yí orí, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wò mí. Hilaria ò gba ìka rẹ̀ kúrò lórí ìwé náà. Ojú rẹ̀ tó ń tàn lẹ́ẹ̀kan, mo rí i bó ṣe ń kú.

Mo ní, "Èmi ni."

Kò sẹ́ni tó lù mí. Ì bá sàn.

Màmá Basilia ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí lo fi owó náà rà?"

"Fìlà."

"Fìlà wo? A ò rí fìlà lórí rẹ."

"Mi ò lè dé e jáde, Màmá."

Eufronia ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó ń rín in bí ẹni tí ẹran há sí lọ́fun, àwọn mìíràn bá a rín in, títí tí ọ̀kan nínú wọn fi bú sẹ́kún. Eufronia fi ọwọ́ nu ojú, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hilaria, ó fẹ́ di apá rẹ̀ mú. Hilaria yọ apá rẹ̀ kúrò.

"Ẹ̀yin lẹ ju awọ mi síta," ó ní fún un. "Ẹ má dì mí mú."

Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Ẹ̀pà tí mo rà fún yín lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ rántí ìyẹn?"

Mo ní mo rántí.

"Ó dáa. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ìyẹn náà ni."

Don Severo wúkọ́. Ó ní bí wọ́n bá ti parí ẹjọ́ wọn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá. Màmá Basilia dìde, ó bèèrè òkìtì mìíràn. Don Severo ní wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, pé ẹni tó ń ṣa nǹkan nílẹ̀ ò ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀.

Mo dìde. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin fà mí láṣọ kí n jókòó, mi ò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn ọkùnrin yẹn: àdàlù, garawa kan sí mẹ́fà, ọdún tí a ti ń ṣe é, ẹni tó fi òfin lélẹ̀, àti ẹni tó rú u. Mo ní tó bá jẹ́ pé àwọn opó ò mọ ohun tó wà nínú òkìtì yẹn, wọn kì bá tí fi í pamọ́ títí di òní. Ẹni tó mọ oko tó sì ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe aṣanǹkan.

Don Severo ní, "Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ti ń fi fàdákà ẹgbẹ́ pa mọ́ látọjọ́ yìí."

Ṣùgbọ́n ọkùnrin àgbàlagbà kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Severo, ìyá tèmi náà pò ó pọ̀. Òun la fi jẹun nígbà tí fàdákà ò tó owó iyọ̀. Ṣé ìyá tìẹ ò pò ó ni?"

Ariwo sọ. Wọ́n jiyàn títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fún àwọn obìnrin ní òkìtì apá àríwá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ eruku sí ojú ẹni látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Òkúta ibẹ̀ ò ju mẹ́ta, mẹ́rin lọ. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ pò pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wá gbà. Ohun tí mo fi àpò kan rà fún wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, tí ẹ ní ohun tí ẹ jọ ń pa mọ́ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ẹ má torí pé ẹ gbọ́n ju àwọn yòókù lọ gbé e sórí àtẹ. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ta fìlà náà, wọn ò san ìdajì owó rẹ̀ fún mi, mo sì kó o fún Hilaria. Ó ní kí n gbé e kúrò níwájú òun.

Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, Don Severo ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ní òkìtì tuntun, kí wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò sí i kíákíá torí ebi ń pa òun. Akọ̀wé wọn ti lọ. Ó na bírò sí àwọn obìnrin, kò sẹ́ni tó gbà á. Màmá Basilia ló gbà á, ó fi í fún mi.

Mo kọ Basilia Porco. Mo kọ Hilaria Tumiri tẹ̀ lé e. Mo kọ Eufronia. Mi ò fi ìlà gígùn sábẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń tẹ àtàǹpàkò bí mo ṣe ń kọ ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kọ ìkọkànlá tán, tó ku orúkọ tèmi, mo gbé bírò dúró, mo wo Màmá Basilia lójú.

Ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́.

"Ó ti pé," ó ní.